Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó: Ẹ Fi Etí Omi Sílẹ̀ fún Wa

Sí Abẹnugan àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Aláùsá, Ìkẹjà.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí nítorí mo mọ̀ pé Ilé yín máa ń fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, àti nítorí pé ìbéèrè kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mi, tí kò sí ará Èkó tí kò mọ̀ ọ́n: "Ta lẹ wá rí?" Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú láti dé etí ọ̀sà tàbí etí òkun ní ìlú yìí, tí kì í bá ṣe ọmọ onílé tàbí òṣìṣẹ́ níbẹ̀, yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹ́gádì kan lẹ́nu géètì kan, yóò sì ti yí padà. Òfin kan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ará ìlú ní ìbéèrè yẹn létí omi mọ́.

Oníṣòwò fóònù àti ẹ̀yà ara fóònù ni mí, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó. Òwò ló gbé mi dé Hong Kong, kì í ṣe fàájì. Ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Tsim Sha Tsui, ní ṣóńṣó ilẹ̀ Kowloon, ilé kan wà lójú pópó Nathan Road tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Áfíríkà mọ̀ bí ẹni mowó. Chungking Mansions ni orúkọ rẹ̀. 1961 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ní àjà 17, inú rẹ̀ sì kún fún ṣọ́ọ̀bù fóònù, ilé oúnjẹ àti yàrá àlejò tí owó wọn kò pọ̀. Yàrá tí mo gbà níbẹ̀ kéré débi pé bí mo bá ṣí àpótí ẹrù mi sílẹ̀, n kò ní rí ibi tí n ó gbẹ́sẹ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, yàrá náà lé mi jáde. Mo bi ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ nínú ilé náà pé níbo ni èèyàn lè lọ láti mí. Ó ní kí n máa tẹ̀lé òpópónà náà lọ sísàlẹ̀ títí omi yóò fi dá mi dúró.

Omi ló sì dá mi dúró lóòótọ́. N kò rí géètì, n kò rí tíkẹ́ẹ̀tì, n kò rí ẹni tó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà tí yóò máa wo bàtà ẹni kó tó wo ojú ẹni. Ọ̀nà fífẹ̀ kan ni wọ́n tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, wọ́n fi irin tí èèyàn lè fara tì sí etí rẹ̀, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tí kò sí ẹni tó ń gbowó lẹ́nu rẹ̀. Ní òdìkejì èbúté ni erékùṣù Hong Kong wà, tí ilé àwòṣífìlà rẹ̀ tò lọ bí àgbàdo tó yọ ọmọ: ilé báńkì tí I. M. Pei ya àwòrán rẹ̀, tó rí bí ọ̀bẹ tí wọ́n gbé dúró. Ìkejì ilé IFC, ilé gogoro àwọn oníṣẹ́ owó, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 412. Àti òkè dúdú kan lẹ́yìn gbogbo wọn. Nígbà tí aago mẹ́jọ alẹ́ lù, iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó lára àwọn ilé náà pẹ̀lú orin, bí ó ti máa ń rí lálaalẹ́ láti 2004. Àwọn àlejò gbé fóònù sókè. Kí n má purọ́ fún yín, iná yẹn kò jọ mí lójú tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ilé ijó kan lásán ní ìlú wa lè fi iná tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dárà.

Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ló jọ mí lójú. Bàbá arúgbó kan fi ìwọ̀ pẹja láàárín ariwo gbogbo wọn, kò sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó tuntun kan ká etí aṣọ funfun rẹ̀ mọ́wọ́ kí ó má bàa gbálẹ̀, ẹni tó ń ya fọ́tò sì ń tọ́ ọ sọ́nà bí ìyá ọkọ. Ọkùnrin kan sùn sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó tò ó dáadáa sábẹ́ orí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jí i. Àwọn tó ń sáré fún ìlera ń kọjá. Mo jókòó síbẹ̀ fún bí wákàtí méjì, èmi tí n kò gbọ́ èdè wọn, tí n kò ní nǹkan kan í rà, tí àwọ̀ mi sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹni tó jókòó, kò sí ẹni tó bi mí ta ni mo wá rí.

Mo padà síbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi wà ní ìlú náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí nǹkan. Ní apá ìwọ̀ oòrùn ọ̀nà náà, ilé aago kan dúró tí wọ́n fi bíríkì pupa àti òkúta kọ́, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 44. Ó ti jẹ́ apá kan ibùdókọ̀ ojú irin tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Canton, ìyẹn Guangzhou tí àwọn oníṣòwò wa mọ̀ dáadáa, 1915 sì ni wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ibùdókọ̀ náà lọ sí Hung Hom ní 1975, wọ́n pinnu láti wó gbogbo ilé náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú fárígá, ilé aago nìkan ló sì bọ́ níbẹ̀. Èyí mú mi rántí Ìddó, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tiwa ti bẹ̀rẹ̀, tí òun náà kò jìnnà sí omi. Orí ilẹ̀ ibùdókọ̀ àtijọ́ yẹn ni wọ́n wá kọ́ gbọ̀ngàn àṣà ńlá kan sí, tí wọ́n ṣí ní 1989. Ilé náà wà níwájú ìran tó dára jù lọ ní gbogbo ìlú náà, síbẹ̀ wọn kò la fèrèsé tó kọjú sí omi sí i lára. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Inú mi dùn díẹ̀ láti mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan la máa ń kọ́lé létí omi tí a ó sì kẹ́yìn sí i.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aago náà ni èbúté Star Ferry wà. Ọkùnrin ará Páásì kan láti ilẹ̀ Íńdíà ló dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní 1888. Ó sì di 1898 kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Star Ferry. Àwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n kun àwọn ọkọ̀ náà, ìràwọ̀ wà nínú orúkọ gbogbo wọn, a sì lè yí ẹ̀yìn àga wọn sí iwájú tàbí sẹ́yìn kí èèyàn lè kọjú sí ibi tó ń lọ. Owó rẹ̀ kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì í kà. Ní 1966, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ fi sẹ́ǹtì márùn-ún péré kún owó ọkọ̀ ipele òkè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó gbààwẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di rúkèrúdò tó mi gbogbo ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: àwọn èèyàn yẹn gbà pé tiwọn ni omi náà, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi sẹ́ǹtì márùn-ún gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Mo fẹ́ rán yín létí pé ìbátan wà láàárín ibi tí mo ń sọ àti ibi tí ẹ jókòó sí. Ní 1860 ni ilẹ̀ Ṣáínà fi ṣóńṣó Kowloon lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé ìjọba kan náà lọ́wọ́. Orúkọ Ọbabìnrin Victoria tí wọ́n fi pe èbúté wọn náà ni wọ́n fi pe erékùṣù wa. Ní erékùṣù Hong Kong, òpópónà Queen's Road ni etí omi nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ̀dó. Lónìí, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ kò lè gbóòórùn omi mọ́, nítorí wọ́n ti fi ilẹ̀ dí òkun lọ síwájú lemọ́lemọ́. Ní tiwa, Glover, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn bàbá wa ń pè ní Gólóbà, ló la Marina ní àwọn ọdún 1860, níbi tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní Ẹ̀hìngbẹ̀tì. Ìyá àgbà mi máa ń sọ fún wa pé nígbà èwe òun, bí ìsìn bá ti parí ní Kàtídírà, ojú pópó kan ṣoṣo ni wọ́n á sọdá, wọ́n á ti wà lábẹ́ igi létí omi, wọ́n á máa wo ọkọ̀ ńlá bó ṣe ń rọra wọlé láti ẹnu òkun, àwọn ọmọdé á máa ka ọ̀pá rẹ̀, àwọn àgbà á sì máa ṣòfófó. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi yanrìn sún omi sẹ́yìn, tí wọ́n sì la Outer Marina gba orí rẹ̀. Mọ́tò ló jogún ibi tí ìyá àgbà mi ń jókòó sí. Orúkọ náà kò kúkú parun, nítorí láti 2000 ni ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ti ń fi Ẹ̀hìngbẹ̀tì pe àpérò ọrọ̀ ajé rẹ̀. Ẹ̀hìn Ìgbẹ̀tì gan-an ni a kò lè jókòó sí.

Títí dé ibẹ̀, ọgba ni àwa àti wọn. Àwọn náà dí omi, àwa náà dí omi. Ohun tó yà wá bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìjọba Hong Kong tún ń pèrò láti dí èbúté náà sí i, tí ẹ̀rù sì ba àwọn kan pé, bó pẹ́ bó yá, kò ní ju odò lọ. Lọ́yà kan, Winston Chu, kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ adáàbòbo èbúté sílẹ̀ ní 1995. Aṣòfin kan, Christine Loh, gbé àbá òfin kalẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe ní orúkọ ìjọba, òfin náà sì kọjá ní oṣù kẹfà 1997, ní ọjọ́ díẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dá ìlú náà padà fún Ṣáínà. Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí èyí, ẹ̀yin ọlọ́lá: ọmọ ilé ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Òfin kúkúrú ni. Ó sọ pé ohun ìní pàtàkì ti gbogbo ìlú ni èbúté náà, pé ogún àdáyébá ni fún àwọn ọmọ Hong Kong, àti pé ìdí nìyí tí òfin yóò fi máa kà á sí pé kò yẹ kí a dí i, àfi bí ẹni tó fẹ́ dí i bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù kìíní 2004, nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbé àjọ tó ń ṣètò ìlú lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ṣàlàyé ohun tí fífi ìdí múlẹ̀ túmọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ dí omi gbọ́dọ̀ fi hàn pé àìní ará ìlú tó lágbára, tó sì wà nílẹ̀ báyìí, ló fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe àìní ọjọ́ iwájú tí ẹnu ń sọ. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó bọ́gbọ́n mu. Ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tó fẹ́ dí kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan ju èyí tó pọn dandan lọ. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti yà sílẹ̀ fún Wan Chai dúró nítorí ìdájọ́ yẹn.

N kò sọ pé òfin náà pé. Kò lè gba èbúté Star Ferry àtijọ́ tó wà ní òdìkejì sílẹ̀. Wọ́n wó o ní 2006 pẹ̀lú ilé aago tirẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sunkún tó níwájú rẹ̀. Ní 2025, ìjọba ibẹ̀ tún òfin náà ṣe, àwọn kan sì ń ké pé wọ́n ti tú okùn rẹ̀ jù. Òtítọ́ mìíràn tún wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín: apá ìlà oòrùn ọ̀nà ìgbafẹ́ tí mo ń yìn yìí, orí ilẹ̀ tí wọ́n fi dí omi gan-an ló wà. Nítorí náà kì í ṣe pé mo ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da yanrìn sómi láéláé. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí wọ́n dí i tán, wọ́n fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ bá ìjọba dá owó pọ̀ láti fẹ apá kan ọ̀nà náà ní 2015, apá tí ère Bruce Lee wà, àwọn ará ìlú bínú nítorí wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n gba etí omi lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pariwo títí iṣẹ́ náà fi kéré sí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pète.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èrò òyìnbó tàbí ti Ṣáínà nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo òdìkejì omi láti Marina. Apápá lẹ ó rí. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Apápá, wọ́n sì ń jiyàn pé ìdílé Olúwa kò ní ohun tó jọ ẹ̀tọ́ ẹni tó nilẹ̀. Olóyè Olúwa, Àmódù Tìjání, kò gbà. Ní 1920 òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ìyẹn ọba Èkó, dání. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá wọn láre: wọ́n ní, nínú òfin ìbílẹ̀ wa, àwùjọ ló ni ilẹ̀, olórí kàn ń mójú tó o fún wọn ni. Ọmọ Èkó ló gba ìdájọ́ yẹn, lórí ilẹ̀ etí omi Èkó. Lójú tèmi, ohun tí òfin Hong Kong ń pè ní ogún àti ohun tí Àmódù Tìjání lọ sọ ní Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà síra. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ tiwọn sínú òfin èbúté, àwa fi tiwa sílẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́ fún àwọn lọ́yà láti máa tọ́ka sí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé omi kò sí lọ́wọ́ yín, nítorí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti dá a ní oṣù kìíní 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló ní àṣẹ lórí ọ̀nà omi. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo wá bá yín sọ, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹ̀yin lẹ sì ń ṣòfin tí ìpínlẹ̀ fi ń fọwọ́ sí ìwé ilé. Bí òfin bá lè sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí gọ́tà, ó lè sọ iye tí yóò fi jìnnà sí ọ̀sà, kí ó sì sọ ẹni tí àárín náà wà fún.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti lé lógójì ọdún nínú yín yóò rántí Bar Beach. Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, gbogbo Èkó ló ń bẹ níbẹ̀: àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà létí ìgbì, àwọn ọmọdé ń gun ẹṣin ẹlẹ́ṣin, a ń jẹ súyà oníyanrìn. Òkun ń bínú nígbà yẹn, n kò gbàgbé. Ó máa ń ya wọ ojú ọ̀nà Ahmadu Bello, àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ kì í sùn. Láti bí 2009 ni iṣẹ́ Eko Atlantic, ìlú tuntun orí yanrìn níbi tí Bar Beach wà, ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ ògiri òkúta, wọ́n sì da yanrìn, omi kò sì ya mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni ògiri yẹn. Síbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ọmọ Mushin tí kò ní ju owó ọkọ̀ lọ yóò gbà dé òkun lónìí. Nínú 100, ìdá bí 22 ìpínlẹ̀ yìí ló jẹ́ omi. A ń ki Èkó ní àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí i sì ń dàgbà láìfojú kan omi náà àfi láti orí afárá, nínú gosiló.

Èmi náà ti gbọ́ èsì tí àwọn èèyàn máa ń fọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ìṣòro Èkó pọ̀ ju fàájì lọ: omi ẹ̀rọ, iná, ilé ìwòsàn. Kí n tó rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ì bá wí. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni ọjọ́ Àìkú kan tí mo lò ní Hong Kong. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Philippines àti Indonesia tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìlú náà ju 300,000 lọ, ilé ọ̀gá wọn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ìsinmi. Ní ọjọ́ náà, wọ́n á gbé ẹní jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ síbi tó bá gbà wọ́n, wọ́n á sì bọ́ bàtà. Mo rí wọn létí omi tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń dirun fúnra wọn, tí wọ́n ń fi fóònù bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ nílé. Ìgbà náà ni mo rántí yàrá tí mo wọ̀, mo rántí àwọn ará ìlú náà tí ilé tiwọn pàápàá kò fẹ̀ ju ìyẹ̀wù kan lọ, mo sì rí i pé pálọ̀ ni ọ̀nà etí omi yẹn. Pálọ̀ àwọn tí kò ní pálọ̀. Èkó tí ẹni mẹ́fà ń sùn nínú yàrá kan ní ilé ojúkojú, ta ló nílò pálọ̀ jù wá lọ?

Wọ́n tún ní àwọn ọmọọ̀ta yóò gba ibẹ̀. Ibi tó ṣófo, tó ṣókùnkùn, ni ọmọọ̀ta máa ń gbà. Ibi tí ìyá ìkókó wà, tí bàbá arúgbó ń pẹja, tí iná ń jó títí di ọ̀gànjọ́, ó nira fún un. Ní ti owó, n kò béèrè ilé aago, n kò béèrè iná aláràbarà, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ orúkọ sí ọ̀nà náà lára.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, ẹ̀yin ọlọ́lá. Kí òfin sọ pé ogún gbogbo ọmọ Èkó ni etí ọ̀sà àti etí òkun, pé ẹni tó bá fẹ́ dí omi ló ni ẹrù ẹ̀rí lọ́rùn, ní ìpàdé gbangba, kí yanrìn àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Kí ó sọ pé lórí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá tún fi yanrìn dí láti ọjọ́ náà lọ, etí rẹ̀ tó kọjú sí omi yóò jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, ní fífẹ̀ tí èèyàn mẹ́fà lè fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìsí géètì, láìsí owó ìwọlé, kí ó sì já sójú pópó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, nítorí ọ̀nà tó bá já sínú ọgbà ẹnì kan kì í ṣe ọ̀nà. Kí ó fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì, ẹ̀pà àti omi tútù, kí ó fi ẹnu sọ iye tí wọ́n lè jẹ́ àti ibi tí wọn yóò máa da ìdọ̀tí sí. Èyí nìkan ni mo rò pé a ó fi dára ju Tsim Sha Tsui lọ; wọ́n ti há ìwé àṣẹ mọ́ àwọn oníkiri níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹni tí ebi bá ń pa létí omi wọn yóò rìn jìnnà.

Ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ kò sì jìnnà. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láti Mile 2 wá sí Marina, ìrìn kìlómítà 13. Èèyàn lè kúrò ní Orílé Ìgànmú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ omi gan-an láìrí gosiló. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo dúró lókè ibùdókọ̀ náà, mo wo ọkọ̀ ńlá kan tó ń yí orí padà níwájú Apápá, ọmọdé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń ka kọ̀ǹténà tó wà lórí rẹ̀ sókè bí ìyá àgbà mi ṣe ń ka ọ̀pá. Lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ibi tí èmi tàbí ọmọ náà lè jókòó sí láti parí rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Oníkàn, bí ẹ bá fún wa ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀, tó ní igi, ní ẹ̀gbẹ́ omi, a ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ ka ìwé yìí sétí Ilé ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní èdè tí mo fi kọ ọ́, kí ẹ sì yan ọjọ́ tí àwọn ará ìlú lè wá sọ tẹnu wọn. Bí ẹ bá pè mí, n ó wá. Mo ti ya fọ́tò àwọn bẹ́ǹṣì náà, irin ìfaratì wọn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo sì wọn ọ̀nà náà ní ibi mẹ́ta pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara mi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò mí. N ó kó gbogbo rẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníṣòwò kan, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó